Ẹni Tó Ń Rọra Kọjá Níwájú Ilé Wa

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé orí fóònù ni Àràmídé àti Kọ́lájọ ti pàdé, irọ́ ló ń pa, kó wá sọ ọ́ lójú mi. Mo wà níbẹ̀. Inú ọkọ̀ àjẹ̀ kan náà la wà. Èmi jókòó ti apẹ̀rẹ̀ edé, Àràmídé ló ń wà wá lọ. Èmi ni àbúrò bàbá rẹ̀ lóbìnrin. Ìyá Marvellous ni gbogbo èèyàn ń pè mí, wọ́n sì mọ̀ pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀, mi kì í fi ìdajì sílẹ̀.

Abúlé wa wà lórí omi, láàárín Igbókòdá àti Ayétòrò. Orí òpó ni ilé wa dúró sí, kánáàlì tóóró kan tí wọ́n gbẹ́ ló sì la àárín wa kọjá. Títì wa nìyẹn. Ẹni tó ń lọ sọ́jà, ẹni tó ń lọ sóko ẹja, ọmọ tó ń lọ síléèwé, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń gbà. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ẹ́ńjìnì náà ń gba ibẹ̀, ìyọnu wọn ò sì kéré. Wọn á sáré kọjá fìrì, ìgbì wọn á gbá òpó ilé, ìkòkò á yí lórí ààrò, omi á ta sí ẹja tí èèyàn sá. Bí o bá pariwo mọ́ wọn, wọn á juwọ́ sí ọ bíi pé ńṣe lo kí wọn.

Ìyẹn ló fi yà wá lẹ́nu lọ́jọ́ náà, nígbà tí a rí ọkọ̀ ẹ́ńjìnì kan tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò dún. Ọ̀dọ́kùnrin kan ṣoṣo ló jókòó sí ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ tiwa kún fún edé débi pé etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, èmi tí mo jókòó sínú rẹ̀ náà kì í sì í ṣe èèyàn kékeré.

Àràmídé ké sí i. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé epo ló tán ni, àbí òkú lẹ gbé?"

Ẹ má bínú sí i, kò rí i fín. Ní abúlé tiwa, ọkọ̀ tó bá gbé òkú bọ̀ wálé kì í tan ẹ́ńjìnì wọlé. Ẹnu kánáàlì ni wọ́n ti ń pa á, wọn á wá máa fi ọ̀pá ti ọkọ̀ náà bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí a bá ti rí ọkọ̀ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì, a ti mọ̀ pé ẹkún dé nìyẹn.

Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Mi ò gbé òkú o. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè kí ẹ kọjá. Ọkọ̀ yín kún. Bí mo bá tan ẹ́ńjìnì, omi á wọ̀ ọ́."

Àràmídé wojú mi, èmi náà wojú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò tíì gbọ́ kí ẹlẹ́ńjìnì kan sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Irọ́ ló ń pa," ọmọ náà sọ sí mi létí. "Epo ló tán mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú ló ń tì í."

Kí n tó lanu, ó ti ju okùn sí i. "Ẹ so ó mọ́ imú ọkọ̀ yín. A máa fà yín dé èbúté."

Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Ó wo okùn, ó wo ọmọ wa, ó so okùn náà mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Àràmídé ń wà á, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀, ọkùnrin náà mú àjẹ̀ kékeré kan, òun náà ń wà á lẹ́yìn wa. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní Kọ́lájọ Ògúnlànà lòun ń jẹ́, pé ọmọ Ayétòrò lòun, pé òkun ti gbé ilé bàbá òun lọ, pé Igbókòdá lòun ń gbé báyìí, èrò lòun sì ń gbé jẹun. Nígbà tí a gúnlẹ̀, Àràmídé gbé apẹ̀rẹ̀ kan lọ síwájú. Èmi bojú wo inú ọkọ̀ Kọ́lájọ. Kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ kún dé ọrùn!

Mo wò ó. Ó wolẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má sọ fún un."

Mi ò sọ o. Àfi ìgbà tí a délé. Àràmídé pariwo, "Háà! Ó wá jẹ́ kí n fa òun lásán!" Ó bínú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún bínú. Ó wá bi mí bóyá mo mọ ọjọ́ tó máa ń wà ní èbúté Igbókòdá. Mo ní, ó tán, wọ́n ti mú ọmọ yìí.

Ìfẹ́ wọn gbilẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n ìyá Àràmídé ń bẹ nílé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ sọ kí ẹ tó lè mọ ibi tí wàhálà wà.

Rèbékà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Mátíù Olówòkéré. Kò sí obìnrin tó mọ ọkọ̀ wà tó o ní gbogbo abúlé wa. Lọ́jọ́ kan, ó ń bọ̀ láti ọjà, ọkọ̀ ẹ́ńjìnì kan sáré yọ ní kọ̀rọ̀, ìgbì rẹ̀ sì da ọkọ̀ Rèbékà dé. Abẹ́ ọkọ̀ ló há sí. Àwọn tó ń pẹja nítòsí ló fà á yọ, omi ti wọ̀ ọ́ nímú, wọ́n rò pé ó ti lọ. Ẹni tó wa ẹ́ńjìnì kò wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, Rèbékà kò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ mọ́. Orí afárá pákó ló ń gbà dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè kọjá ibẹ̀. Nígbà tí ìyá tó bí i kú ní Araromi, gbogbo wa wọkọ̀ lọ sìnkú, òun nìkan ló dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó di òpó ilé mú, ó ń sunkún pé òun ò lè lọ bu yẹ̀pẹ̀ sí ìyá òun. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí títí di òní.

Bó ṣe máa ń di òpó mú náà nìyẹn, nígbàkigbà tó bá gbọ́ ẹ́ńjìnì. Ilé á mì, òun náà á mì.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ta ló máa wá sọ fún Mátíù pé ẹlẹ́ńjìnì ni ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́? Ta ni bí kò ṣe èmi! Mo gbé pupurú àti ọbẹ̀ ẹja tútù lọ fún un, mo jẹ́ kó jẹun yó, mo wá sọ ọ́.

"Ẹlẹ́ńjìnì?" ó ní.

"Èyí yàtọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ó ń rọra."

"Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ìyá Marvellous, kó àwo rẹ."

Ṣùgbọ́n kò sọ pé "rárá". Ó ní òun máa fojú sí i lára. Mo dúpẹ́.

Àràmídé fúnra rẹ̀ ń ṣiyèméjì. Ó bá mi níbi tí mo ti ń yan ẹja lọ́jọ́ kan. "Àǹtí mi," ó ní, "gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá níwájú ilé wa, ẹ́ńjìnì rẹ̀ á wálẹ̀ pátápátá. Ṣé ìwà rẹ̀ ni, àbí torí pé ó fẹ́ mi ni? Bó bá fẹ́ mi tán ńkọ́?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ọmọ náà gbọ́n. Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi. Mo mú ìborùn, mo da á borí, mo lọ wọ ọkọ̀ Kọ́lájọ ní Igbókòdá bí èrò tó ń lọ sí Araromi, mo fara pamọ́ sáàárín àwọn obìnrin. Kò dá mi mọ̀. Ẹ wò ó, mo fojú ara mi rí i! Bàbá kan ń ju àwọ̀n lókèèrè, Kọ́lájọ ti dín ẹ́ńjìnì kù kí a tó súnmọ́ ọn. Obìnrin kan ń fọ aṣọ lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó tún dín in kù. Èrò kan ń ráhùn pé òun ń kánjú, ó bi í pé kí ló dé tó ti ń rọra nígbà tí a ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Bí a bá dé ọ̀dọ̀ wọn kí n tó rọra, ó ti pẹ́ jù," Kọ́lájọ dá a lóhùn. "Ìgbì á ti máa bọ̀ lẹ́yìn wa. Bí èmi bá tiẹ̀ dúró, òun ò ní dúró."

Ibi tí omi ti fẹ̀, tí kò sí ẹnìkan, ó jẹ́ kí ọkọ̀ náà fò. Kì í ṣe ojo. Ìwà ló ní. Inú mi dùn débi pé mo ṣí ìborùn kúrò lórí, mo ní, "Ọkọ ọmọ mi, kú iṣẹ́!" Ẹ̀rù bà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi.

Bí nǹkan ṣe fẹ́ máa lọ dáadáa nìyẹn tí Mátíù fi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ ọjà ni, èmi náà wà ní èbúté. Ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú ìṣó àti àwọ̀n tuntun tó rà. Ọkọ̀ Kọ́lájọ ti kún, èrò ti jókòó, ó fẹ́ ṣí.

"Ẹ sún fún mi," Mátíù pàṣẹ. Ṣebí àna ọmọ náà ló fẹ́ dà.

Kọ́lájọ bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó tútù. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá. Àyè ti tán ni. Ẹ jẹ́ kí n gbé àwọn wọ̀nyí dé, màá padà wá gbé ẹ̀yin nìkan."

"Èmi? Èmi Olówòkéré ni kí n dúró?"

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Bí mo bá fi ẹyọ ẹnì kan lé e, etí ọkọ̀ á wálẹ̀ jù. Mi ò lè ṣe é."

"Bí mo bá jókòó sórí ẹsẹ̀ ìyá yìí ńkọ́?"

"Bàbá, mi ò lè ṣe é."

Gbogbo èbúté ń wò wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ńjìnì yòókù ké pé, "Bàbá, ẹ máa bọ̀ níbí, àyè wà!" Irọ́ ni, àyè ò sí, ńṣe ló ki Mátíù mọ́ àárín èrò bí ìgbà tí èèyàn ń ki ẹja sínú apẹ̀rẹ̀. Omi wọ ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi délé pẹ̀lú omi lára láti orí dé ẹsẹ̀, àwọ̀n tuntun rẹ̀ ti bá omi lọ. Mo rò pé ojú á tì í. Ojú tì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbínú ló fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ó dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó kígbe kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Ọjọ́ tí Rèbékà bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sínú ọkọ̀ ọmọkùnrin yẹn, ọjọ́ náà ni mo fún un lọ́mọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ sí mi létí!"

Àràmídé bú sẹ́kún. Rèbékà dìde lórí ẹní rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá Àràmídé," ó ní, "ẹ̀rù tó ń bà mí lẹ fi ṣe ọgbà dínà ọmọ mi?" Mátíù wọ yàrá lọ.

Ìyá náà gbìyànjú o. Ọlọ́run rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní ká mú ọkọ̀ wá sídìí àtẹ̀gùn. Àràmídé di ọwọ́ kan mú, èmi di èkejì. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, ó na ẹsẹ̀, ọkọ̀ mì díẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. "Màmá, ó tó," Àràmídé ń sunkún. "Ẹ máa bọ̀ lókè. Mi ò fẹ́ ọkọ mọ́."

Nígbà tí Kọ́lájọ gbọ́, ó bínú sí wa. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó bínú nìyẹn. "Ẹ má fi agbára mú wọn mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Màá dúró." Ó sì ń dúró. Ó ń kọjá níwájú ilé wa láràárọ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ á wálẹ̀ láti ẹnu kánáàlì, ọkọ̀ á yọ́ kọjá, omi ò ní tiẹ̀ kan òpó. Kò yọjú sókè, nítorí Mátíù. Á kàn ṣí fìlà fún ìyá tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, á sì máa lọ.

Ojú mi ni mo fi rí ohun tó tẹ̀lé e. Mò ń di irun Rèbékà láàárọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ ẹ́ńjìnì. Mo dúró kó dìde lọ di òpó mú. Kò dìde.

"Ìyàwó wa, o ò gbọ́ ni?"

"Ti Kọ́lájọ ni," ó ní. "Ó ń dún bí àgbàlagbà tó ń wú ikọ́. Máa di irun mi lọ." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún ní, "Ìyá Marvellous, ọmọ tó mọ ẹ̀tọ́ ni. Bí ẹni tó dà mí sómi bá ní ìdá kan nínú ìwà rẹ̀, ǹ bá ti rí òkú ìyá mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fún mi lágbára. Wọ́n ní bí ojú bá ti mojú, alárinà á yẹ̀bá. Èmi ò yẹ̀bá o! Mo lọ bá Mátíù, mo kúnlẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí àwọn ẹbí Kọ́lájọ wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀, pé a kì í lé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí òun sọ lòun sọ, òun ò ní yí i padà nítorí iṣu àti orógbó.

Ọjọ́ pé. Ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn ń ràn. A jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, à ń retí wọn. Mátíù wọ agbádá, ó fajú ro. Àràmídé wà nínú yàrá. Rèbékà jókòó sétí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó gbé etí sílẹ̀, ó ń retí ikọ́ ẹ́ńjìnì Kọ́lájọ. A retí, a retí. Kò sí ohun tó dún.

Lójijì, ìyá kan tó ń gbé ní ẹnu kánáàlì figbe ta. "Yéè! Òkú dé o! Ẹ wá wo òkú!"

A yọjú. Ọkọ̀ Kọ́lájọ ni! Wọ́n ti pa ẹ́ńjìnì rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wọ sùtánà funfun ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló wà nínú rẹ̀, Dáfídì tó jẹ́ àbúrò bàbá Kọ́lájọ dúró níwájú, ó ń fi ọ̀pá tì í bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ní àárín ọkọ̀, ohun kan nà gbọọrọ, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó mọ́lẹ̀. A ò rí Kọ́lájọ.

Mátíù fò dìde. Àràmídé yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó rí aṣọ funfun, ó dákú lọ sí mi lọ́wọ́.

Rèbékà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀. "Kọ́lájọ dà? Mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀. Kọ́lájọ dà?" Kí a tó mọ̀, ó ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ọkọ̀ náà kò tíì gúnlẹ̀ dáadáa tí ìyá náà fi bẹ́ sínú rẹ̀. Ó já aṣọ funfun náà kúrò, ó ń ké, "Ọma mi! Ọma mi!" bí a ṣe ń pe ọmọ ní ìlú wa.

Iṣu ló wà níbẹ̀. Iṣu, ẹní tuntun tí wọ́n ká gbọọrọ, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, àti àpò iyọ̀. Wọ́n bò ó kí omi má ta sí i.

Kọ́lájọ sì gbé orí sókè lẹ́yìn ẹrù. Ìdí ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ́ńjìnì sókè kó má gbá ilẹ̀, torí omi ti fà. "Màmá, èmi rèé," ó ní. Ẹ̀rù ti bà á.

Rèbékà gbá a léjìká. Ó tún gbá a. "Kí ló dé tí o pa ẹ́ńjìnì? Kí ló dé tí o fẹ́ pa mí?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ̀ wúwo lónìí. Bó ti wù kí n rọra tó, ìgbì rẹ̀ ì bá mi ilé yín. Mi ò fẹ́ kí ẹ di òpó mú lónìí. Mi ò tiẹ̀ ronú kan ti òkú."

Ìyá náà dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Àràmídé lajú lọ́wọ́ mi, ó rí i, ó sọ pé, "Yéè, Kọ́lájọ, Ọlọ́run máa bi ọ́!" Gbogbo abúlé bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún náà ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Bọ̀ọ̀dá Mátíù," mo ní, "ẹ bá mi wolẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Inú ọkọ̀ ta ni Rèbékà dúró sí?"

Rèbékà náà wolẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rí omi lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kọ́lájọ kò fà á, kò tì í. "Ẹnikẹ́ni má mira," ó sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀, gbogbo wọn sì dúró gbagidi. Ọkọ̀ náà dúró bí ilẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ìyá náà jókòó sórí iṣu.

Mátíù sọ̀ kalẹ̀ wá sídìí àtẹ̀gùn, omijé ti wẹ ojú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ méjèèjì ni," ó ní. "Mo ti rí i. Kọ́lájọ, gbogbo ohun tí mo sọ sí ọ, fi jì mí. Mo fún ọ lọ́mọ." Àràmídé kò dúró gbọ́ ìyókù, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

"Ẹ máa bọ̀ lókè, Màmá," Kọ́lájọ sọ fún Rèbékà, "kí ẹ wá sinmi."

Ìyá náà mi orí. "Ibojì ìyá mi wà ní Araromi," ó ní. "Òkun ń súnmọ́ ọn. Ṣé o lè gbé mi dé ibẹ̀ kí omi tó gbé e?"

"Ọjọ́ tí ẹ bá ní ká lọ la máa lọ, Màmá. Màá rọra."

"Ó dáa. Kọ́kọ́ gbé mi dé ẹnu kánáàlì ná."

Báyìí ni ètò ìdána wa ṣe dúró. Àwọn àgbàlagbà kó ẹrù gun orí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró de ìyá ìyàwó. Àràmídé mú àjẹ̀, ó jókòó síwájú, ó wẹ̀yìn wo Kọ́lájọ tó mú ọ̀pá. "Ṣé epo wà nínú ọkọ̀ yín lónìí?" ó bi í.

"Ó kún dé ọrùn," Kọ́lájọ dáhùn, kò sì tan ẹ́ńjìnì.

Wọ́n wà á lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níwájú ilé gbogbo wa, Rèbékà jókòó láàárín wọn, ó ń kí àwọn aládùúgbò tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ títí ọkọ̀ fi yí kọ̀rọ̀. Kò di nǹkan kan mú.